Títún Rọ́kẹ́ẹ̀tì Àwòṣe Tí Ó Já Lulẹ̀ Ṣe

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba ní orí pápá tí rọ́kẹ́ẹ̀tì àwòṣe kan bá ti já, tí imú rẹ̀ gún ilẹ̀, tí ìdí rẹ̀ nìkan sì yọ sí òkè bí ọfà tí ó tàsé ẹran. Ẹni tí ó ni ín lè sáré fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tí ó ya, kí ó sì tún yìn ín sí òkè ní ọjọ́ kan náà. Ó sì lè dúró ná, kí ó wádìí ohun tí ó mú un já kí ó tó fi ọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Ẹni ìṣáájú yóò tún padà sí ìdí ihò mìíràn láìpẹ́, orí ire ni yóò sì jẹ́ bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì náà tún gún, tí kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀nà ẹni kejì ni àlàyé yìí yóò tọ̀.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì àwòṣe kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọdé ń tiná bọ̀ ní àsìkò Kérésìmesì ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn. Ti Kérésìmesì a máa jóná tán ní òfurufú, igi rẹ̀ a sì já sí orí òrùlé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n a ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì àwòṣe kí ó lè lọ kí ó sì bọ̀, kí a fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí i ní ìdí, kí ó sì tún lọ. Ọ̀pá páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀. Igi fúyẹ́ tàbí ike ni imú rẹ̀. Lẹ́bẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó wà ní ìdí rẹ̀, bí ìyẹ́ ti í wà ní ìdí ọfà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Nínú ọ̀pá náà ni a ká páráṣúùtì sí, èyíinì ni agboòrùn kékeré tí a fi ọ̀rá ṣe. Okùn rọ́bà kan ni ó sì so imú àti ara pọ̀ kí wọ́n má baà pínyà nígbà tí imú bá ṣí. Kò sí irin ní imú rẹ̀, ní ara rẹ̀ tàbí ní lẹ́bẹ́ rẹ̀. Òfin àwọn tí ń ṣe é ni èyí, nítorí pé páálí a máa rún bí ó bá kọlu nǹkan, ṣùgbọ́n irin a máa gún nǹkan wọlé. Rírún tí páálí ń rún yìí gan-an ni ó jẹ́ kí àtúnṣe máa wà: ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó ń jìyà kí ohun tí ó já lù má baà jìyà.

Ohun tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì kékeré náà kò ṣe àjèjì sí Yorùbá, kò sì sí ìdí láti yá orúkọ fún un. Ẹ̀tù ni, ìran kan náà pẹ̀lú èyí tí ọdẹ ń kì sí ìbọn ṣakabùlà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ni ó fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páálí líle, ní ìpele ìpele. Ẹ̀tù ìgbéra ni ó wà ní ìsàlẹ̀, ó sì ń tú iná jáde láti ihò kékeré kan tí a fi amọ̀ ṣe. Ní òkè rẹ̀ ni ẹ̀tù ìdádúró wà, èyí tí ń jó díẹ̀díẹ̀, tí ń rú èéfín, tí kì í sì í ti rọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú. Ní òkè pátápátá ni ẹ̀tù ìtìjáde, tí ń bú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ń ṣí imú kúrò, tí ó sì ń ti páráṣúùtì síta.

Kí ó tó di pé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wà ní ọjà, àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà a máa po ẹ̀tù fúnra wọn, wọn a sì máa kì í sínú páìpù irin. Àwọn kan fi ìka tàbí ojú ṣòfò nínú rẹ̀, àwọn mìíràn kú. Ní ọdún 1954 ni Orville Carlisle, ọkùnrin kan tí ń ta bàtà ní ìlú Norfolk ní ìpínlẹ̀ Nebraska, tí ó sì fẹ́ràn iná aláràbarà tí a ń yìn ní ọjọ́ àjọ̀dún, ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì páálí kan tí a lè máa pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Robert arákùnrin rẹ̀, tí òun ń ṣe ọkọ̀ òfurufú àwòṣe, ni ó ràn án lọ́wọ́. Rock-a-Chute ni wọ́n pè é. Ní ọdún 1957, Carlisle ka ohun tí G. Harry Stine kọ nípa ewu tí ń bẹ nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe. Stine ń ṣiṣẹ́ ní White Sands ní ìpínlẹ̀ New Mexico, níbi tí ìjọba ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì ńláńlá wò, ó sì mọ ohun tí ìjábọ́ jẹ́. Carlisle fi díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Stine yìn wọ́n, ó sì rí i pé ọ̀nà àbáyọ nìyí. Ní ọdún kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ National Association of Rocketry sílẹ̀. Ní October ọdún yẹn ni ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fi Sputnik sí ojú ọ̀run, tí ìfẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì sì gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ kan. Ní 1959, Vernon Estes ní ìlú Denver ti ṣe ẹ̀rọ kan tí ń kì ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí fúnra rẹ̀. Mabel ni wọ́n sọ ẹ̀rọ náà.

Láti ìgbà náà ni ààlà kan ti wà nínú iṣẹ́ yìí: ohun gbogbo ni ọmọ ilé-ìwé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àfi ẹ́ńjìnnì. Ààlà kan náà ni ó wà nínú àtúnṣe. Lẹ́bẹ́ tí ó kán ṣeé lẹ̀, ara tí ó rún ṣeé gé kí a sì so òmíràn mọ́ ọn, imú tí ó sán ṣeé dí. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ó bọ́ lulẹ̀ láìtíì jó, tàbí tí omi wọ̀, tàbí tí ó gbóná kọjá ààlà nínú mọ́tò tí ó dúró sí oòrùn tí ó sì tún tutù lẹ́yìn náà, kò ní àtúnṣe. Ẹ̀tù tí a tẹ̀ mọ́ra a máa sán nínú láìhàn sí ojú ẹnikẹ́ni. Bí iná bá dé ojú sísán náà, èyí tí ó yẹ kí ó jó ní ìpele a jó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì a sì bẹ́. Omi ni oògùn rẹ̀: kí a rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì túká, kí a sì dà á nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ó ti jó tán, a kì í tún un kì. Ọdẹ lè tún ìbọn rẹ̀ kì nítorí pé irin ni ìbọn. Páálí ni èyí.

Kí a tó lè ka ẹ̀rí ìjábọ́, ó yẹ kí a mọ ètò ìrìn-àjò náà. Lára ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ni a tẹ àmì kan sí, bíi C6-5. Lẹ́tà náà dúró fún àpapọ̀ agbára. Bí a bá ti ń sún láti A sí B, láti B sí C, òpin agbára tí ó lè ní a máa di ìlọ́po méjì. Nọ́ńbà àárín ń sọ bí ó ti ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì tó, ní ìwọ̀n Newton. Nọ́ńbà ìkẹyìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, òun ni ó sì máa ń dá wọn lẹ́jọ́: iye ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò kọjá láàárín ìgbà tí ẹ̀tù ìgbéra bá jó tán àti ìgbà tí ẹ̀tù ìtìjáde bá bú. Ẹ̀tù ìgbéra C6 kò jó ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, eré tí ó ti sá sẹ́yìn ni rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń lọ bí òkò tí a jù, títí eré náà yóò fi tán ní òkè. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí páráṣúùtì ti ṣí, nígbà tí kò lọ mọ́ tí kò sì tíì máa bọ̀. Bí ó bá tètè ṣí, eré ṣì pọ̀ lára rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá pẹ́, ó ti ń já bọ̀ ní àjákodò. Ohunkóhun tí ó bá já láti 100 mítà, bí afẹ́fẹ́ kò bá dá a lọ́nà, eré 44 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni yóò fi kan ilẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì sì ni ohun tí a dìídì gbẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà dá a lọ́nà púpọ̀.

Wíwo ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ láti orí pápá, kì í sì í ṣe pẹ̀lú eré sísá. Bí kò bá sí ẹni tí ó gbọ́ ìró ẹ̀tù ìtìjáde ní òkè, ó lè jẹ́ pé ẹ̀tù ìdádúró ṣì ń jó nínú ohun tí ó gún ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá fà á yọ nígbà yẹn, ojú ara rẹ̀ ni ó gbé sí ẹnu ìbọn. Kí ó dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá sì jẹ́ orí wáyà iná mànàmáná ni rọ́kẹ́ẹ̀tì náà so rọ̀ sí, kò sí àtúnṣe kankan tí ó tọ́ láti gùn ún nítorí rẹ̀. Kí a fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ó bá tó àkókò láti gbé e, kí a má ṣe tíì fa nǹkan kan yọ nínú rẹ̀. Kí a bi àwọn tí ń wòran léèrè: Ǹjẹ́ ó lọ tààrà? Ǹjẹ́ imú rẹ̀ ṣí? Níbo ni ìró ti dún? Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni ó sábà máa ń péye jù nínú èyí, nítorí pé wọn kì í gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà ni a ó wo inú ọ̀pá. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti páráṣúùtì ni bébà ìdènà-iná máa ń wà, òun sì ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. Bí páráṣúùtì bá ṣì wà nínú, tí bébà yìí sì ti dúdú, ẹ̀tù ìtìjáde ti bú, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé imú le jù ní ẹnu ọ̀pá, tàbí pé a ki páráṣúùtì mọ́lẹ̀ bí ẹní ki òwú sínú ìrọ̀rí, tàbí pé òtútù ti mú kí ọ̀rá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ń bu pọ́dà ara díẹ̀ sí i kí wọ́n tó ká a. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá sí ní ìdí mọ́, ọ̀ràn náà ti yé: ìdí ni ó rọ̀ ju imú lọ, ibẹ̀ sì ni agbára ẹ̀tù gbà jáde, nítorí pé ibi tí ó bá rọrùn ni agbára ń gbà. Bí bébà bá funfun síbẹ̀, ẹ̀tù ìtìjáde kò bú rárá, tàbí kí ó jẹ́ pé ilẹ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì dé kí ó tó bú. Bí páráṣúùtì bá jáde ṣùgbọ́n tí ó yọ́ di kókó kan, bébà ìdènà-iná kò tó. Bí okùn rọ́bà bá já, kí a wo ojú ibi tí ó já: iná a máa jẹ́ kí ó le kí ó sì dúdú, ogbó a máa jẹ́ kí ó sán wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n fífà lójijì a máa já a ní ṣánṣán.

Ọgbẹ́ kan wà tí ó ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Òun ni ibi tí ẹnu ọ̀pá ya láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ní ìlà tààrà, bí ẹni tí ó fi ọ̀bẹ la ìrèké. Okùn ni ó la á. Páráṣúùtì ṣí nígbà tí eré ṣì pọ̀, okùn náà fà le, ó sì gé páálí bí wáyà ti í gé ọṣẹ. Ẹni tí ó bá rí èyí kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi ru okùn. Nọ́ńbà ìkẹyìn ara ẹ́ńjìnnì ni kí ó lọ wò.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ìdí, a lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Kí a mú Alpha tí ilé-iṣẹ́ Estes ń ṣe fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ó gùn tó nǹkan bí 31 sẹ̀ǹtímítà, ìbú ọ̀pá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ ní oríta, ìwúwo rẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì sì tó nǹkan bí 23 gíráàmù. Bí ó bá fi orí gún ilẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó sábà máa ń rún ní ẹnu ọ̀pá. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni kí a gé ibi tí ó rún dànù, kí a sì fi imú dé ohun tí ó kù. Ó rọrùn, ó sì dára lójú, ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì kúkúrú kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ yóò hàn láìpẹ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí a dá gígùn rẹ̀ padà.

Gígé náà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun ni ó sì ń ya oníṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára aláṣedànù. Ojú kò lè fa ìlà tí ó gún yí ọ̀pá róbótó ká. Kí a mú bébà tí etí rẹ̀ gún dáadáa, kí a wé e mọ́ ọ̀pá náà títí etí rẹ̀ yóò fi pàdé ara rẹ̀ láìyẹ̀. Ibi tí etí náà gbà ni kí a fi pẹ́ńsùlù tọ̀. Kí a ki igi róbótó tàbí ọ̀pá mìíràn bọ inú rẹ̀ kí páálí má baà tẹ̀. Abẹ tuntun ni kí a lò, kí a sì fi í yí ká ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún pẹ̀lú ọwọ́ fífúyẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gé e já lẹ́ẹ̀kan yóò ya á. Bí a bá gé e tán, kí a gbé e dúró lórí tábìlì: bí ó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gígé náà kò gún, a ó sì tún un gé.

Ọ̀pá tuntun tí ìbú rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ni a ó so mọ́ ọn. Ọ̀pá ìsopọ̀ ni yóò so wọ́n, èyíinì ni ọ̀pá kúkúrú kan tí ó wọ inú àwọn méjèèjì rẹ́gí. Ó dára kí ó wọ inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ìbú ọ̀pá náà, ó kéré tán. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni ó yẹ. Inú ọ̀pá ńlá ni kí a fi ra, kì í ṣe ara ọ̀pá ìsopọ̀, nítorí pé bí ó bá jẹ́ ara rẹ̀ ni a fi ra, ẹnu ọ̀pá ńlá yóò há gbogbo rẹ̀ kúrò bí ó ti ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí tí ó kàn: omi inú gọ́ọ̀mù a máa wú páálí lójú ẹsẹ̀. Bí a bá ti ọ̀pá ìsopọ̀ wọlé dé àárín tí a sì dúró láti wo bí ó ti rí, yóò gan síbẹ̀, kò ní lọ kò ní bọ̀. Nítorí náà ni a fi ń kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù sàmì ibi tí yóò dúró, tí a ó sì tì í wọlé ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú yíyí díẹ̀. Nígbà tí méjèèjì bá ti so pọ̀, kí a yí i gbiri lórí tábìlì títẹ́. Bí ó bá ń fò sókè sódò, ó wọ́, àkókò kékeré sì wà láti tún un tẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Lẹ́yìn náà kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọ̀pá tí okùn la náà kò yàtọ̀: kí a gé e ní ìsàlẹ̀ ibi tí yíya náà parí sí, kí a sì so òmíràn. Ní ti páálí tí ó kàn wú tàbí tí ó ṣẹ́ díẹ̀, gọ́ọ̀mù olómi tí ń gbẹ lójú ẹsẹ̀ ni a ó kán sí i kí ó mu ún, a ó sì fi bébà tí àwọn káfíńtà fi ń dán igi dán an. Irú gọ́ọ̀mù yìí kan náà, bí a bá kán an yí ẹnu ọ̀pá ká, a mú un le, okùn kò sì ní tètè là á mọ́. Kí okùn tuntun gùn ju ti àtijọ́ lọ. Ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta gígùn rọ́kẹ́ẹ̀tì kò pọ̀ jù, nítorí pé bí okùn bá ti gùn tó ni imú ti ń rí àyè dẹ eré rẹ̀ kí ó tó fà.

Lẹ́bẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá kán ní ojú ìlà igi tí etí méjèèjì sì bá ara mu, gọ́ọ̀mù káfíńtà yóò mú un le ju igi balsa fúnra rẹ̀ lọ. Bí a bá ní láti gbẹ́ tuntun, kí ìlà igi máa lọ láti ìdí lẹ́bẹ́ sí ṣóńṣó rẹ̀. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá lọ ní ìbámu pẹ̀lú ọ̀pá yóò kán ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó dúró gún, igun férémù ilẹ̀kùn ni a fi ń fa ìlà sí ara ọ̀pá: a ó gbé ọ̀pá sí igun náà, etí férémù yóò sì di rúlà. Fífi gọ́ọ̀mù ra ìdí lẹ́bẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ líle ló ń ba èyí jẹ́. Ẹni tí lẹ́bẹ́ rẹ̀ ti kán lẹ́ẹ̀kan a máa fẹ́ kó gọ́ọ̀mù lé e lórí kí ó má tún kán mọ́ láé, níbẹ̀ ni ó sì ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìjábọ́ kejì.

Ibi méjì ni ó wà lára rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ayé rẹ̀ rọ̀ mọ́. Èkínní ni ibi tí ìwúwo rẹ̀ gbé dọ́gba, èyí tí a lè mọ̀ bí a bá gbé e lé orí ìka. Èkejì ni ibi tí ipá afẹ́fẹ́ gbé dọ́gba, èyí tí kò hàn sí ojú, ṣùgbọ́n tí lẹ́bẹ́ ńlá ń fà sẹ́yìn. Ní òfurufú, ibi èkínní ni rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń yí. Ibi èkejì ni afẹ́fẹ́ ti ń tì í. Bí ti afẹ́fẹ́ bá wà ní ẹ̀yìn ti ìwúwo, nígbàkigbà tí imú bá fẹ́ yà, afẹ́fẹ́ yóò ti ìdí padà sí ipò rẹ̀. Ohun tí àwọn tí ń ṣe ọfà ti mọ̀ láti ayébáyé nìyí, tí wọ́n fi ń fi irin sí orí rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ìyẹ́ sí ìdí. Bí ó bá jẹ́ ti ìwúwo ni ó wà ní ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò dá a kọ orí kodò, yóò sì máa ta òkìtì lọ síbi tí ó bá wù ú. Àwọn oníṣẹ́ gbà pé kí àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì má ṣe dín sí ìbú ọ̀pá kan. Ní 1966 ni James Barrowman, òṣìṣẹ́ NASA kan, fi ọ̀nà ìṣírò han àwọn oníṣẹ́ àwòṣe, tí ọmọ ilé-ìwé gíga fi lè mọ ibi ti afẹ́fẹ́ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti bébà.

Nísinsìnyí kí a wo ohun tí àtúnṣe ń ṣe sí àlàfo yìí. Ẹ́ńjìnnì C6 kan wúwo tó nǹkan bí 24 gíráàmù, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gbogbo ìwúwo Alpha dọ́gba, ìdí ni ó sì wà. Pẹ̀lú rẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà di 47 gíráàmù. Kí a sọ pé ẹni tí ó tún un ṣe kó gíráàmù 3 gọ́ọ̀mù sí ìdí lẹ́bẹ́, ní ibi tí ó fi sẹ̀ǹtímítà 9 wà ní ẹ̀yìn ibi ìdọ́gba ìwúwo. Ìlọ́po 3 àti 9 jẹ́ 27. Bí a bá fi 50, tí í ṣe àpapọ̀ ìwúwo tuntun, pín in, ibi ìdọ́gba ti sún sẹ́yìn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìdá kan nínú márùn-ún àlàfo tí ó yẹ kí ó wà ti lọ, gọ́ọ̀mù nìkan ni ó sì jẹ ẹ́. Bí a bá fi gígé tí a gé ọ̀pá kúrú kún un, ìyẹn tí ó fa imú súnmọ́ ìdí, a ó rí i pé rọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní àbàwọ́n lójú lè jẹ́ ewu gidi. Atúnṣe ọ̀ràn yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní owó. Bí imú bá fi sẹ̀ǹtímítà 18 wà ní iwájú ibi ìdọ́gba, gíráàmù kan àti ààbọ̀ amọ̀ tí a bá fi sí inú rẹ̀ yóò dá ibi ìdọ́gba padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́, nítorí pé ìlọ́po kan àti ààbọ̀ pẹ̀lú 18 jẹ́ 27 bákan náà. Olùkọ́ tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ fún ẹ̀kọ́ nípa òṣùwọ̀n kò lè rí èyí tí ọmọ yóò fi ọkàn tẹ̀lé jù báyìí lọ.

Ẹ́ńjìnnì tí kò tíì jó ni ó gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà tí a bá ń wọn ìdọ́gba yìí. Bí ẹ̀tù bá ti ń jó, ìdí a máa fúyẹ́, ibi ìdọ́gba a sì máa sún síwájú. Nítorí náà ìgbà tí ó burú jù ni ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílẹ̀, ìgbà tí àwọn ènìyàn sì súnmọ́ ọn jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣírò lè so okùn mọ́ ibi ìdọ́gba, kí ó sì máa jù ú yí orí ara rẹ̀ ká ní gbangba pápá. Bí imú rẹ̀ bá kọ iwájú tí kò sì yẹ̀, ó tó láti yìn. Bí ìdí bá ṣíwájú, tàbí bí ó bá ń ta gìrìgìrì, amọ̀ kò tíì tó ní imú.

Yíyìn àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe kì í ṣe ọjọ́ ìran wíwò. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Fún Alpha, A8-3 dára. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ti wúwo sí i kò ní lọ tó ti tẹ́lẹ̀, eré rẹ̀ yóò sì tètè tán, nítorí náà nọ́ńbà ìkẹyìn tí ó bá a mu nígbà tí ó jẹ́ tuntun lè ti pọ̀ jù fún un. Wáyà àti bátìrì ni a fi ń tan iná sí i, láti mítà 4 àti ààbọ̀ ó kéré tán. Èyí tí a kò tíì dá lójú, kí a jìnnà sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sì kó àwọn ènìyàn kúrò ní àyíká. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sì lọ, a kì í súnmọ́ ọn títí ìṣẹ́jú kan yóò fi kọjá.

Ọ̀dà ni ó kẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀dà ni ó ń ṣáájú. Ẹni tí ó bá kùn ún kí ó tó yìn ín yóò bo ojú ìsopọ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ní mọ̀ bóyá ó ti ń ṣí. Bí ó bá ti lọ tí ó sì bọ̀ ní àlàáfíà, tí a yẹ ojú ìsopọ̀ wò tí kò sì sán, a lè kùn ún ní àwọ̀ tí ó bá wù wá. Ọ̀dà pẹ̀lú ní ìwúwo, ìdí tí lẹ́bẹ́ wà ni ó sì ń pọ̀ sí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú tí a ń kùn gbé fẹ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ, kí a tún fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí i, kí a sì tún gbé e lé orí ìka.